Búréèkì Abdulraheem Kò Kú

                                        Agbo Ilé Adógba,
                                        Gàmbàrí,
                                        Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kọkànlá, 1972.

Fọláṣadé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Dàpọ̀ ọkọ rẹ le, ṣé ó ṣì ń gbé ẹfun ìkọ̀wé sétí wọlé wá jẹun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìkókó tó wà lẹ́yìn rẹ nígbà tí o kọ̀wé sí mi, mo mọ̀ pé yóò ti máa rá báyìí, yóò sì ti máa da omi nù kiri ilé. Bá mi kí bàbá rẹ, mo bá wọn kẹ́dùn ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, Ọlọ́hun yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ kú ìmúra ọyẹ́ tó ń bọ̀. Àwa náà ṣe ọdún ìtunu ààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, alihamudulilai. Ìrẹsì pọ̀, ẹran pọ̀, ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀ kí o máa ṣa ẹran inú ọbẹ̀ mi jẹ.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn rẹ dé ọwọ́ mi nígbà tí mo wà nínú opó. Mo kà á, mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Má bínú pé n kò fèsì. Gbogbo ẹni tó bá kí mi lákòókò náà ló ń bí mi nínú, títí kan ìwọ. O kọ ọ́ pé kí n fi ohun gbogbo lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn rere ni o fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ǹ bá sọ ìkòkò lù ọ́. Ìsinsìnyí ni inú mi rọ̀ tó láti di bíírò mú, kò sì tíì rọ̀ tán. Gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná kí o tó máa kà á lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.

O mọ alùpùpù Abdulraheem. Òun ló fi gbé ọ lọ sí Ọ̀fà Garage lọ́jọ́ tí òjò ṣú, tí o ń ké pe Jésù lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ fi débẹ̀. Alùpùpù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òyìnbó kan tó ń tọ́jú màlúù ló gùn ún gbó kó tó tà á fún un nígbà tó ń padà sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Abdulraheem ti máa ń gbé e jáde lọ gún màlúù lábẹ́rẹ́ ní àwọn ìletò. Ariwo rẹ̀ ló ń jí gbogbo àdúgbò fún ìrun àsùbáà, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ládàánì. Bàbá Àbùbákàr tí yàrá wọn wà lẹ́nu ọ̀nà a máa pariwo lójú fèrèsé lárààárọ̀ pé, "Abdulraheem, ó ti tó, a ti jí!" Abdulraheem á tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ, kí inú bàbá lè bàjẹ́ dáadáa.

Lórí Ládàánì yìí ló kú sí, ní oṣù karùn-ún, lójú ọ̀nà Àjàsẹ́, kò jìnnà sí Ọ̀fà Garage. O rántí àkókò náà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì tí a ti ń gbà láti ayé àwọn òyìnbó, kí gbogbo wa máa gba apá ọ̀tún. Gbogbo èèyàn ló ń ṣì í gbà. Ìwọ náà kọ̀wé sí mi pé Dàpọ̀ fi kẹ̀kẹ́ kọlu ewúrẹ́ alága ìjọ yín. Abdulraheem ní òun kò ní jẹ́ kí tòun rí bẹ́ẹ̀. Ó ya etí gèlè mi pupa láìtọrọ, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Ládàánì, ó ní ibi tí gèlè Ràúdátù bá wà ni òun yóò máa tọ̀. Mo bá a jà nítorí gèlè náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ń ti Ìlọrin lọ ni ọkọ̀ ẹrù tó ń ti Àjàsẹ́ bọ̀ gbá a. Alhaji Àmínù ló wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àmínù jẹ́, kí o lè mọ ibi tí inú ti ń bí mi. Òun àti Abdulraheem ni wọ́n jọ lọ sílé-kéú. Wàláà kan ni wọ́n jọ ń lò, abọ́ kan náà ni ìyá ọkọ mi ń bu oúnjẹ wọn sí. Ó ti di olówó báyìí, ó ní ọkọ̀ ẹrù, ó ní ṣọ́ọ̀bù iṣu ńlá ní Ọ̀fà Garage, ìdajì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó gbé òkú ọkọ mi wálé sọ fún mi pé apá ọ̀tún títì ni àwọn ti bá a, gọ́tà apá ọ̀tún ni Ládàánì sì ṣubú sí. Ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún, ó wà ní àyè rẹ̀. Ọkọ̀ tó wá bá a níbẹ̀ ló ṣìnà. Ọmọdé tó bá ti mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun mọ èyí.

Lọ́jọ́ fídáù, nígbà tí agbo ilé kún fọ́fọ́, Àmínù dìde nínú agbádá funfun. Ó ti gbé àpò ìrẹsì àti àgbò kalẹ̀ ṣáájú. Ó nu ojú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́hun. Àmúwá Ọlọ́hun ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Abdulraheem pé búréèkì alùpùpù yẹn ti kú, kò gbọ́ tèmi. Kò rí i dá dúró lọ́jọ́ náà ló ṣe sá wọ abẹ́ ọkọ̀ mi." Gbogbo ilé mirí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má tún un sọ. Èmi wà nínú yàrá, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣadé, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Abdulraheem tí kì í kúrò nílé láìtẹ búréèkì wò di ẹni tó fi àìgbọràn pa ara rẹ̀. Yísà, mẹkáníìkì tó ń bá a tún un ṣe, di ẹni tí àwọn èèyàn kò gbé alùpùpù wá bá mọ́. Hadiza ọmọ wa ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ẹkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Búréèkì-ti-kú. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìyá ọkọ mi gbà á gbọ́. Wọ́n ti gbé Ládàánì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú àgbàlá, bí Ìyá bá sì ti ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Àìgbọràn, ìwọ lo gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ tí Hadiza sunkún wálé ni mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní Àmínù yóò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ o. Níta gbangba ni yóò ti kó o jẹ, kí Ìyá sì fi etí ara wọn gbọ́. N kò fẹ́ ìrẹsì rẹ̀, n kò fẹ́ àgbò rẹ̀, mo fẹ́ kí ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Kí n má purọ́ fún ọ, kì í ṣe èyí nìkan ni mo rò. Mo ro iyanrìn sínú táńkì ọkọ̀ rẹ̀. Mo ro ata sínú agbádá rẹ̀. Àdúà kan sì wà tí mo ń ṣe lẹ́yìn ìrun tí n kò lè kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé Dàpọ̀ máa ń ka lẹ́tà rẹ.

O mọ bí opó tiwa ṣe rí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni, obìnrin kò sì gbọdọ̀ máa jáde. Wọ́n ní kí n má lé tìróò, kí n má fi làálì, kí n má fín lọ́fíńdà, kí n má wọ aṣọ tó ń dán. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ kí Àáfà kankan sọ pé kí opó má fọwọ́ kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mo bá ká ọwọ́ aṣọ sókè, mo lọ bá Ládàánì nídìí ògiri.

Wíìlì iwájú ti ká, iná ti fọ́, ọwọ́ òsì ti tẹ̀ kọrọdọ, ẹrẹ̀ gọ́tà ti gan mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Gèlè pupa yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò ṣe ju pé mo jókòó tì í, mo ń nu ọwọ́ ọ̀tún náà. Lọ́jọ́ kejì mo fi epo òyìnbó fọ ẹrẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí fi sáńpépà họ ìpẹtà. Ojú Àmínù ni mò ń họ. Ibi tí ìpẹtà bá ti jinlẹ̀, mo máa ń sọ pé imú rẹ̀ nìyí, n ó sì tẹra mọ́ ọn. Àwọn obìnrin ilé ní orí mi ti ń dà rú, kí wọ́n wá bá mi ṣe tírà. Wọn kò mọ̀ pé bí mo bá wà nínú yàrá, ẹkún ni mò ń sun, n kò lè jẹ, n kò lè mu. Bí mo bá wà nídìí Ládàánì, ìbínú ni, ìbínú a sì máa jẹ́ kí ebi pa èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Ṣùgbọ́n ìbínú kò mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe. Mo ránṣẹ́ pe Yísà. Yísà kò lè wọlé wá bá opó, èmi náà kò lè jáde lọ bá a. Ìyá ọkọ mi wá di alágbàsọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ká tún un ṣe o, wọ́n ní kàkà kí ayé sọ pé opó ọmọ àwọn ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, àwọn á kúkú jókòó sáàárín. Báyìí ni Yísà ṣe ń jókòó sórí àpótí níta, kọ́tíìnì wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tíìnì, èmi àti Ládàánì wà nínú àgbàlá. Yísà á ní, "Ìyá, ẹ ní kó yọ púlọ́ọ̀gì." Ìyá á kọjú sí mi, wọ́n á ní, "Ó ní kí o yọ búlọ́ọ̀kù." Mo ti gbọ́ Yísà kedere, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dúró gba búlọ́ọ̀kù tèmi lẹ́nu Ìyá. Irin tí mo bá yọ, n ó tì í gba abẹ́ kọ́tíìnì, Yísà á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọ̀ ọ́, á tì í padà. Ohun tó tẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ohun tó fọ́, ó wá irú rẹ̀ lára òkú alùpùpù mìíràn. Òjò ń rọ̀ lé wa lórí, Ìyá ń gbé agboòrùn, Yísà ń fi àpò bo orí, a kò dá a dúró.

Lọ́jọ́ kan Yísà ní kí n gbé ẹ̀yìn Ládàánì lé àpótí kí wíìlì má kan ilẹ̀, kí n yí i kó máa sáré, kí n wá tẹ búréèkì. Ohùn rẹ̀ yí padà bó ti ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan búréèkì yẹn láti ọjọ́ tí Abdulraheem ti kú, èmi fúnra mi ń yẹra fún un. Mo yí wíìlì, ó ń sáré. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi. Mo tún yí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, gbagidi. Ìyá dìde, wọ́n ní kí n yí i fún àwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, wíìlì dúró, wọn kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò. Wọ́n ní, "Àmínù! Àmínù tí mo bọ́!" Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà, wọn kò sun irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú dé. Láti ọjọ́ náà Ìyá kò tutọ́ sí Ládàánì mọ́, wọn kò sì pe púlọ́ọ̀gì ní búlọ́ọ̀kù mọ́.

Mo rò pé Ìyá yóò ní ká pe àwọn àgbà jọ. Wọ́n ní rárá, àwọn àgbà ló jẹ ìrẹsì náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n kí n yára tún ẹsẹ̀ òtítọ́ ṣe kó lè sáré. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Yísà ní ká sítáàtì rẹ̀ ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní ohùn Ládàánì kò ní dún nínú agbo ilé yìí kó tó dún létí Àmínù. Yísà tì í lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ló ti dán an wò.

Opó mi parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì Ìyá wọ takisí ṣáájú lọ sí Ọ̀fà Garage, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbúrẹ́dì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Àmínù. Èmi wọ ṣòkòtò Abdulraheem sábẹ́ ìró, mo so ìbòrí mi le, mo lọ gba Ládàánì lọ́wọ́ Yísà. O rántí pé Abdulraheem ló kọ́ mi ní gígùn rẹ̀ lọ́nà oko, tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n ó di olórí àwọn ọlọ́kọ̀. Wàhálà tí ojú àwọn èèyàn ṣe lọ́jọ́ náà kò ṣeé sọ. Àwọn kan ní, "Sùbúhánálláhì, obìnrin ni!" N kò wo ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù Àmínù wà lápá òsì ẹni tó bá ń ti ìgboro bọ̀. Ó dúró síwájú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń já iṣu sílẹ̀. Ó gbọ́ Ládàánì kó tó rí mi. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ yí bìrí. Gbogbo gárèèjì yíjú, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohùn yẹn níbẹ̀. Mo kúrò lápá ọ̀tún. Mo bọ́ sí apá òsì, apá tí òun gbà lọ́jọ́sí, mo sì dojú kọ ọ́.

Ohun tí mo pinnu ni pé n ó dá dúró lẹ́bàá rẹ̀ kí gbogbo ayé rí búréèkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí agbádá funfun yẹn, agbádá fídáù, n kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹsẹ̀ mi yóò tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni mo ń sọ fún, n kò sọ fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ gbá a. Ó wù mí gidigidi. Mo rí i tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tẹ̀sùbáà já bọ́, ó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, "Òsì kọ́! Òsì kọ́! Apá ọ̀tún! Gba apá ọ̀tún!"

Mo tẹ búréèkì. Ládàánì dúró gbagidi, táyà iwájú tẹ etí agbádá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmínù jókòó lulẹ̀ sáàárín iṣu. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà wá, ó ní, "Ràúdátù, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ṣé o kò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀nà padà ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo bá a sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀. Mo jókòó sórí alùpùpù ọkọ mi, mo ní, "Mo mọ̀, Alhaji. Abdulraheem náà mọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀." Mo ní, "Búréèkì tí ẹ ní ó ti kú ló gbà yín là yẹn. Bí kò bá mú ni, tí mo gbá yín, kí lẹ bá fẹ́ kí n sọ fún àwọn ìyàwó yín? Àmúwá Ọlọ́hun?" O rí i pé n kò yọ ẹ̀yin kúrò lẹ́nu. Wọ́n kọ́ mi nílé.

Bóyá Àmínù ì bá rí irọ́ mìíràn pa, nítorí àwọn kan lára àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé kí wọ́n mú mi. Àfi bí Ìyá ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dé iwájú rẹ̀, wọn kò pariwo, wọn kò bú u. Wọ́n bi í bí ìgbà tó ṣì ń jẹun lábọ́ wọn, wọ́n ní, "Àmínù, apá ibo lo gbà?"

Ó wo Ìyá, ó wo gèlè pupa tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Ládàánì. Ó ní, "Òsì ni, Ìyá. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbàgbé pé wọ́n ti yí i. Mo rí i níwájú mi, ó ń fun fèrè, mò ń bínú sí i pé kí ló dé tó ń gba ọ̀nà tèmi." Ó sun ẹkún bí ọmọdé. Ó ní búréèkì kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rù ló ba òun tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo gárèèjì gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó wá kọjú sí mi, ó ní kí n foríjì òun nítorí Ọlọ́hun. Àwọn tí wọ́n fẹ́ mú mi lẹ́ẹ̀kan wá ń bẹ̀ mí, wọ́n ní ó ti tó, kí n sọ pé mo foríjì í.

Mo ní, "Mo gbọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé Ìyá sẹ́yìn, mo yí Ládàánì padà, mo gba apá ọ̀tún lọ sílé. Ìyá di ìbàdí mi mú, wọ́n ń ka àdúà láti Ọ̀fà Garage títí dé Gàmbàrí, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n rọra.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó pe Hadiza ní orúkọ burúkú yẹn mọ́. Wọ́n ti tún ń to alùpùpù síwájú Yísà. Ṣùgbọ́n Àmínù kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, yóò wá jókòó sórí àpótí Yísà lẹ́yìn kọ́tíìnì yẹn, á máa bẹ̀bẹ̀. Bó bá ti ní, "Ràúdátù, nítorí Ọlọ́hun," n ó fi ẹsẹ̀ sítáàtì Ládàánì nínú àgbàlá. N ó máa fọn ọ́n títí á fi dìde. Nígbà tí ààwẹ̀ mú, àwọn ará ilé fi Ọlọ́hun dẹ́rù bà mí, wọ́n ní ààwẹ̀ ẹni tó di èèyàn sínú kì í gbà. Mo ní bí tèmi kò bá gbà, n ó tún òmíràn gbà. Mo bi Ìyá léèrè ohun tó wà lọ́kàn tiwọn. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú, wọ́n ní, "Èmi ti foríjì í tipẹ́. Ṣùgbọ́n má sọ fún un. Jẹ́ kó ṣì máa bọ̀ ná."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì jẹ́ kí n mú bíírò. Lẹ́yìn ọdún ìtunu ààwẹ̀ yìí, mo ní láti lọ sí oko Ìyá kí oòrùn tó mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó gbé Ládàánì jáde ní àsùbáà, ní àkókò rẹ̀ gan-an. Mo tì í dé ẹnu ọ̀nà, mo sítáàtì rẹ̀. Ojú fèrèsé ṣí. Bàbá Àbùbákàr yọ orí, oorun ṣì wà lójú wọn, wọ́n pariwo pé, "Abdulraheem, ó ti tó, a ti jí!"

Wọ́n wá rántí. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ pé, "Ìnnálílláhì," ní jẹ́jẹ́, wọ́n sì pa fèrèsé dé. Inú mi kò bàjẹ́, Ṣadé. Mo dúró níbẹ̀, mo tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń wo fèrèsé, bóyá wọ́n á tún pè é.

Bá mi kí Dàpọ̀, sọ fún un pé mo mọ̀ pé ó ń ka èyí. Bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o fi èlùbọ́ ránṣẹ́. Hadiza ní kí n kí àwọn ọmọ. Bí ilé ìwé bá ti pa fún Kérésì, èmi àti rẹ̀ ń bọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán lórí Ládàánì, ẹ ó gbọ́ wa kí ẹ tó rí wa. Kí àwọn ọmọ má ṣeré lápá ọ̀tún títì, ibẹ̀ ni a ó gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì foríjì,

Ràúdátù.